Bíréèkì Tuntun fún Ọkọ̀ Agbẹ̀bí

Tagemunt,
Ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta, 1985.

Belayid ọmọ mi,

Ṣé o ń jẹun? Ṣé o ń sùn? Òtútù tiwa níhìn-ín kò tíì lọ. Yìnyín ṣì jókòó sórí òkè bí àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó dìde. Ara mi le, ewúrẹ́ bí méjì, òróró ólífì ọdún yìí sì dára ju ti èṣí lọ. Oṣù méjì rèé tí mo ti rí lẹ́tà rẹ gbẹ̀yìn. Mo ti pinnu pé mi ò ní sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo ti sọ ọ́ báyìí.

Mo ní ìròyìn tó máa pa ọ́ lẹ́rìn-ín. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ń fi ọkọ̀ wa gbé Jamila, ìyàwó alágbẹ̀dẹ fàdákà, lọ sí ọsibítù ní Tizi Wuzu. Ọmọ ti dábùú nínú rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ó ti kọjá agbára èmi agbẹ̀bí. Nígbà tí a dé kọ́nà keje, níbi tí òkè ti dà gẹ̀rẹ́ yẹn, mo tẹ bíréèkì, ẹsẹ̀ mi sì rì dé ilẹ̀ bí ẹni tó tẹ ìyẹ̀fun. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀! Èéfín ń rú lára táyà iwájú méjèèjì. Mo fa jíà wá sí kejì, mo fà á wá sí ìkíní, mo di bíréèkì ọwọ́ mú, mo sì darí imú ọkọ̀ sínú òkìtì pàǹtí ólífì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé tí wọ́n ti ń fún òróró ólífì. Ọkọ̀ wọlé ṣìn-ìn, ó dúró.

Jamila gbójú sókè, ó ní, "Ṣé a ti dé ni, Ìyá?"

Mo ní, "Rárá o, a kàn ní ká sinmi díẹ̀ ni."

A jókòó síbẹ̀ títí táyà fi tutù, bíréèkì padà wá, a bá tiwa lọ. Wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún un, ó sì bí ọkùnrin kan tí èjìká rẹ̀ fẹ̀ bí ti akọ màlúù. Mo kó ẹjọ́ náà lọ bá Bàbá Akli mẹkáníìkì. Ó ní ọkọ̀ náà ti ń dàgbà ni, bí èmi àti òun.

Fi fọ́tò rẹ tuntun ránṣẹ́. Irun wà lórí rẹ nínú èyí tó wà lọ́wọ́ mi, àwọn tó ń ti ọ̀dọ̀ yín bọ̀ sì ní kò sí mọ́.

Èmi ìyá rẹ,
Jejiga.


Lyon,
Ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù Kẹta, 1985.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìgbà òtútù, ẹ kú iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Mo jẹun, mo sì sùn, títí di ọjọ́ tí lẹ́tà yín dé. Láti ọjọ́ náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rí oorun sùn mọ́. Ẹ ní yóò pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín wo, Ìyá?

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí iṣẹ́ bíréèkì ni mo ń ṣe láàárọ̀ lọ́sàn-án níhìn-ín. Àwo irin méjì ló wà níwájú ọkọ̀ yín, ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn táyà kọ̀ọ̀kan. Bí ẹ bá tẹ bíréèkì, páàdì á fún àwo náà mọ́ra, á sì gbóná. Àwo yín kéré, òkè wa sì gùn. Bó ṣe ń gbóná tí kò ráyè tutù, bẹ́ẹ̀ ni ooru ń bá òróró bíréèkì nínú, títí òróró fi hó bí omi tí ẹ fi ń se oúnjẹ kuskus. Nígbà tó bá hó, afẹ́fẹ́ ló kù tí ẹsẹ̀ yín ń tẹ̀. Kì í ṣe ọjọ́ ogbó. Bàbá Akli mọ̀ bẹ́ẹ̀ tàbí kó má mọ̀.

Mo máa wá bíréèkì iwájú tó tóbi ránṣẹ́, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ọkọ̀ tó wúwo ju tiyín lọ. Títí ó fi máa dé, ẹ jọ̀ọ́, mo dọ̀bálẹ̀, ẹ má wa ọkọ̀ yẹn sọ̀kalẹ̀ òkè mọ́.

Ọmọ yín,
Belayid.

Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ irun yẹn.


Tagemunt,
Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, 1985.

Belayid,

Mo kí ọ. Mo rí lẹ́tà rẹ, mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Àkọ́kọ́, inú mi dùn pé ọmọ mi gbọ́n. Ìkejì, inú bí mi.

O ní kí n má wakọ̀ mọ́. Ó dáa. Ta ni yóò máa gbé wọn? Ọkọ̀ ọsibítù, tó jẹ́ pé kó tó gun òkè dé ọ̀dọ̀ wa, ọmọ ti ń rìn? Àbí àwọn ọkùnrin káfé, tí wọ́n ń fi ẹnu wa ọkọ̀ láti àárọ̀? Bàbá rẹ kọ́ mi ní ọkọ̀ nígbà tí obìnrin kankan kò tíì mú ìdarí ọkọ̀ lórí òkè yìí. Nígbà tí wọ́n ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní, "Jejiga, tẹ họ́ọ̀nù ọkọ̀ sí wọn létí." Mo tẹ̀ ẹ́. Mo ṣì ń tẹ̀ ẹ́.

Jíà kìíní ni mo fi ń sọ̀kalẹ̀ báyìí. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ń yà mí sílẹ̀. Ìyẹn tó ọ?

Ọdún mẹ́fà rèé tí o ti rékọjá òkun lọ. Àwọn tí ẹ jọ lọ ti wá, wọ́n ti padà, wọ́n tún ti wá. Mi ò béèrè bíréèkì lọ́wọ́ rẹ. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bíréèkì lo ní, fi ránṣẹ́.

Ìyá rẹ.


Lyon,
Ọjọ́ kejì oṣù Karùn-ún, 1985.

Ìyá mi,

Ẹ má bínú. Ẹnu mi ló yá ju ọgbọ́n lọ. Ẹ ò rí i pé mo jọ yín.

Ramdan aránṣọ ń bọ̀ wálé pẹ̀lú ọkọ̀ ojú omi tí yóò kúrò ní Marseille lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo ti fún un ní àpótí igi kan. Ó wúwo, ó sì ti ṣépè fún mi lẹ́ẹ̀mẹta kó tó gbà á. Àwo irin ńlá méjì ló wà nínú rẹ̀, ìdìmú tó ń gbé páàdì fún apá ọ̀tún àti òsì, páàdì tuntun mẹ́rin, rọ́bà tí òróró ń gbà kọjá, àti ìgò òróró bíréèkì méjì tí kì í tètè hó. Mo kọ gbogbo bí wọ́n ṣe ń so ó sínú ìwé tó wà lókè àpótí náà. Ẹ kà á sí Bàbá Akli létí, kí ẹ ṣe é bíi pé òun ló ronú rẹ̀.

Àwo náà fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ní bí ìka mẹ́ta. Ẹ óò rí ìyàtọ̀ láti ọjọ́ kìíní.

Mo fi síkáàfù aláwọ̀ ọsàn kan wé àwọn ìgò náà kí wọ́n má bàa fọ́. Tiyín ni.

Belayid.


Tagemunt,
Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Karùn-ún, 1985.

Belayid,

Síkáàfù náà dára. Ohun rere tí mo ní láti sọ nípa àpótí rẹ ti parí.

Iwájú káfé ni Bàbá Akli ti ṣe é, torí ibẹ̀ nìkan ni ilẹ̀ ti tẹ́jú. Gbogbo wọn jáde wá wòran. Ó fi jáàkì gbé ọkọ̀ sókè, ó tú ti àtijọ́ kúrò, ó gbé àwo rẹ síbẹ̀, mo ka ìwé rẹ sí i létí, ó wọ̀n ọ́n, ó so ó. Àní ó ń kọrin. Ìgbà tó wá gbé táyà láti dá a padà, táyà kò wọlé. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi ẹsẹ̀ ta á. Irin inú táyà ń gbá ìdìmú bíréèkì rẹ, kò sáyè. Ó dìde, ó gbé àwo kejì sókè lójú gbogbo ayé, ó ní, "Ìyá Belayid, kuskus ènìyàn mélòó lẹ fẹ́ bù sí èyí?"

Káfé wó lulẹ̀ fún ẹ̀rín. Títí di òní, bí mo bá ń kọjá, wọ́n á ní, "Ẹ kú oúnjẹ o, Ìyá!"

Mo béèrè pé kí ló ṣẹlẹ̀. Bàbá Akli ní, "Ọmọ yín rò pé ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó mọ̀ ló ṣì wà níbẹ̀." Ìgbà náà ló yé mi. Lọ́dún tó ṣáájú ikú rẹ̀, bàbá rẹ pààrọ̀ gbogbo ẹsẹ̀ ọkọ̀ yìí, irin tí táyà ń wọ̀, sí èyí tó kéré, nítorí a kò rí táyà tó bá èyí tó tóbi mu rà mọ́ ní gbogbo Tizi Wuzu. Gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Ewúrẹ́ mọ̀. Ìwọ nìkan ni kò mọ̀, torí o kò wá.

Ọkọ̀ tí o wọ̀n nínú orí rẹ lọ́hùn-ún yẹn kò sí mọ́, Belayid. Bóyá ìyá tí o ń kọ̀wé sí náà ò sí mọ́.

A ti so ti àtijọ́ padà.

Jejiga.


Tagemunt,
Ọjọ́ ọgbọ̀n oṣù Kẹfà, 1985.

Ọmọ mi,

Mo kí ọ gan-an. Mo ti ń wo ọ̀nà akólẹ́tà láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ó ti ń gba ojú ọ̀nà mìíràn kó má bàa kọjá lẹ́nu ilé wa.

Ọ̀rọ̀ ìparí lẹ́tà mi tó kọjá yẹn, mo kọ ọ́ tán, mo lẹ̀ ẹ́ pa, mo fi ránṣẹ́, kí n tó mu omi. Ó yẹ kí n kọ́kọ́ mu omi.

Àwo rẹ méjèèjì wà nínú yàrá, mo fi aṣọ bò wọ́n. Mi ò bu kuskus sí i o.

Kọ̀wé.

Ìyá rẹ.


Tagemunt,
Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù Keje, 1985.

Belayid ọkọ mi,

Mo tún kí ọ. Ramdan aránṣọ ní òun rí ọ kó tó wá, pé ara rẹ le. Ṣùgbọ́n ìyẹn ti pẹ́.

Ferruja, ìyàwó olùkọ́ tó wà nílé ìsàlẹ̀, lóyún. Mo fi ọwọ́ kàn án lánàá. Orí méjì ni mo bá. Ìbejì ni, ọ̀kan jókòó, èkejì sùn gbọọrọ. Ìparí oṣù Kẹsàn-án tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹwàá ni. Bí kò bá dé ọsibítù, mi ò mọ èyí tí n óò rí gbà nínú àwọn mẹ́ta. Mi ò sọ ìyẹn fún ẹnikẹ́ni àfi ìwọ. Òun ń rẹ́rìn-ín kiri, ó ń hun fìlà méjì.

Mo ń bẹ̀rù kọ́nà keje. Mo ti sọ ọ́.

Ìyá rẹ.


Lyon,
Ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ, 1985.

Ìyá mi,

Ẹ dákun, ẹ forí jì mí. Lẹ́tà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níwájú mi. Mo ti bẹ̀rẹ̀ èsì bí ẹ̀ẹ̀mẹwàá, mo sì ń fa gbogbo rẹ̀ ya. Kì í ṣe nítorí àwo, kì í sì í ṣe nítorí ẹ̀rín àwọn ará káfé. Òótọ́ ni ẹ sọ, òótọ́ náà ni mi ò lè gbé mì.

Nígbà tí wáyà ikú bàbá tẹ̀ mí lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta ti kọjá tí wọ́n sin wọ́n. Mo ní n óò wá lóṣù tó ń bọ̀. Nígbà tí oṣù náà dé, mo ní wọ́n á sọ pé ìgbà tí òkú jẹrà tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Mo tún sún un síwájú, títí oṣù tó ń bọ̀ fi di ọdún mẹ́rin. Ẹ̀rù ẹnu ọ̀nà wa ló ń bà mí, Ìyá. Mo ń rò pé bí mo bá wọlé, ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi mí ni pé, "Níbo lo wà?"

Mo ti rí ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó tóbi, márùn-ún, táyà ti wà lára wọn. Mo bẹ Ramdan nígbà tó padà dé. Ó ní òun kì í ṣe kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́. Mo bẹ ẹni méjì mìíràn, wọ́n rí táyà márùn-ún, wọ́n rántí pé àwọn ò lọ mọ́. Kò sí ẹni tó máa bá mi gbé e wá.

Nítorí náà mo gba ìsinmi ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ẹ bá ní kí n wá, màá wà nínú ọkọ̀ ojú omi ọjọ́ kejìlélógún oṣù yìí. Bí ẹ bá ní kí n má wá, màá fi wọ́n sínú ọkọ̀ ẹrù.

Belayid.


Tagemunt,
Ọjọ́ kẹwàá oṣù Kẹjọ, 1985.

Belayid,

Wá.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ, torí ẹnikẹ́ni ò bi mí. Nígbà tí bàbá rẹ mí èémí ìkẹyìn, èmi náà ò sí níbẹ̀. Abúlé tó kọjú sí wa ni mo wà, mo ń gba ọmọ. Wọ́n wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo ní mi ò lọ, mi ò ní fi ọkọ mi sílẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló lé mi jáde. Ó ní, "Dìde, obìnrin yìí. Ẹni tó ń bọ̀ ò lè dúró de ẹni tó ń lọ." Mo lọ. Nígbà tí mo dé, wọ́n ti pa ojú rẹ̀ dé.

Ta ni yóò wá bi ọ́ pé níbo lo wà? Èmi kọ́ o. Èmi náà ń wá ẹni tí kò ní bi mí.

Mú ọṣẹ ìfọṣọ wá, tibí kì í hó. Kí o sì mú ẹsẹ̀ ọkọ̀ tó tọ́. Fi téèpù wọ̀n ọ́n, má fi ìrántí wọ̀n ọ́n.

Ìyá rẹ.


Lyon,
Ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kẹsàn-án, 1985.

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ilé o. Mo dé láyọ̀. Èso ọ̀pọ̀tọ́ gbígbẹ tí ẹ dì fún mi ò dé Lyon. Àwọn aṣọ́bodè ní Marseille tọ́ ọ wò, èmi náà ń tọ́ ọ wò, kí ọkọ̀ ojú irin tó dúró, àpò ti ṣófo.

Ẹ̀rín ò tíì kúrò lẹ́nu mi. Bí mo bá wà lábẹ́ ọkọ̀ níbi iṣẹ́, màá kàn bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá mi á ní kí ló dé. Báwo ni mo ṣe fẹ́ ṣàlàyé fún un? Pé ẹ jókòó sínú ọkọ̀ níwájú káfé, tí èmi ń ṣí ìdérí ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde nínú òróró bíréèkì, tí Bàbá Akli sì ń pàṣẹ bí ọ̀gágun: "Ẹ tẹ̀ ẹ́! Ẹ dì í mú! Ẹ má tíì tú u o! Ó yá, ẹ tú u! Ẹ tún tẹ̀ ẹ́!" Tí ẹ wá yọ orí jáde lójú fèrèsé, tí ẹ ní, "Akli, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi ń sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn aya yín tó ń rọbí. Òní ni mo mọ̀ pé ó ń bí ènìyàn nínú!" Ojú àwọn ọkùnrin yẹn! Ẹni tó ń mu kọfí tú u síra rẹ̀.

Mo sì rí ojú Bàbá Akli nígbà tí táyà wọlé wẹ́rẹ́ lórí àwo náà. Ó kàn fi sípánà rẹ̀ lé mi lọ́wọ́ pé kí n dè é parí. Ẹ rántí pé nígbà tí mo jẹ́ ọmọṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan sípánà yẹn.

Mo dúpẹ́ pé ẹ tẹ̀ lé mi dé ibojì bàbá. Mo dúpẹ́ jù pé ẹ padà sílé ṣáájú mi.

Ẹ má gbàgbé o: ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà, kí páàdì àti àwo mọ ara wọn. Ẹ má ja bíréèkì lójijì, àfi bó bá di dandan. Ṣé Ferruja ti bí?

Ọmọ yín,
Belayid.


Tagemunt,
Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹwàá, 1985.

Belayid ọmọ mi,

Ṣé ara le? Jókòó kí o tó kà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, olùkọ́ sáré wá ní bàtà ẹsẹ̀ kan. Ferruja ti ń rọbí. A gbé e sẹ́yìn ọkọ̀, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó tì í, ó gbé agbọ̀n ẹyin sórí itan. Mo ní, "Ìyá àgbà, kí ni ti ẹyin?" Ó ní òun ò lè lọ bá dókítà lọ́wọ́ òfo. Olùkọ́ jókòó níwájú, ó ń ka àdúrà, ó ń ka òpó iná, gbogbo rẹ̀ ló dà pọ̀.

Kùrukùru bo òkè. Mo fi jíà kejì sọ̀kalẹ̀, mò ń tẹ bíréèkì, mò ń fi í sílẹ̀, bí o ṣe kọ́ mi. Kọ́nà kẹta, kò sí nǹkan. Ìkarùn-ún, kò sí nǹkan. Mo ń gbọ́ òórùn wò bóyá yóò jóná, àfi òórùn igi ólífì. A yí kọ́nà keje, àgùntàn ló kún ojú títì láti etí dé etí, darandaran dúró láàárín wọn, ó la ẹnu sílẹ̀.

Mo tẹ̀ ẹ́.

Belayid, ọkọ̀ yẹn dúró bí ẹni tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Àgùntàn tó ṣáájú fi imú kan iná iwájú, ó gbọn eruku dànù, ó lọ. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìyá àgbà lẹ́yìn mi, ó ní, "Ẹyin ti fọ́." Ferruja bú sẹ́rìn-ín láàárín ìrora, ó ní, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa mí lẹ́rìn-ín, wọ́n máa jáde!"

Wọn ò jáde. A dé Tizi Wuzu. Obìnrin ni méjèèjì. Dókítà ní bí a bá pẹ́ sí i ní ìdajì wákàtí ni, òun ò mọ ohun tí òun ìbá sọ fún wa. Ferruja ti ń jókòó báyìí, ó ń jẹun, ó sì ń bá ọkọ rẹ̀ jà lórí orúkọ.

Ìgbà tí mo padà délé ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀, mo gun àtẹ̀gùn ilé, mo dé òkè, mo dúró. Ẹsẹ̀ ọ̀tún mi ò dùn mí. Láti bí ọdún mẹ́jọ, bí mo bá ti Tizi dé, ṣe ni mo máa ń jókòó lórí àtẹ̀gùn kẹta fọwọ́ ra orúnkún. Mo ti gbà pé ọjọ́ ogbó ni, mo ti ń fi òróró pa á, mo ti ń bẹ Ọlọ́run sí i. Kì í ṣe ogbó rárá! Bíréèkì ni mo ti ń fi gbogbo agbára tẹ̀.

Mo sáré sọ̀kalẹ̀, mo tún gòkè, kí n lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Òótọ́ ni. Àwọn ará káfé rí mi, wọ́n ní kí ló dé tí Ìyá ń sáré gun àtẹ̀gùn bí ọmọge. Mo tún gùn ún lẹ́ẹ̀kẹta.

Èmi ìyá rẹ tí ara rẹ̀ yá gágá,
Jejiga.